Bárakú àti àwọn tó yí wa ká: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń béèrè, àti ìdáhùn

Ọtí, igbó, oògùn apàrora, oògùn oorun, tẹ́tẹ́: ohun tó ń di bárakú fún èèyàn pọ̀, àmọ́ ìbéèrè tó ń tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló dá lórí èèyàn. Ta ni kí n sọ fún? Ta ni kí n yẹra fún? Kí ni kí n ṣe fún ọmọ mi? Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ la kọ èyí fún, àti ẹni tó ń wò ó tí kò mọ ohun tó máa ṣe. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ kọ́kọ́ ka ìdáhùn sí ìbéèrè nípa dídá nǹkan dúró lójijì, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti di bárakú?

Kì í ṣe bí ohun tí ẹ ń lò ṣe pọ̀ tó nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Ẹ ti gbìyànjú láti dín in kù, kò ṣeé ṣe. Ẹ mọ̀ pé ó ń ba ara, iṣẹ́ tàbí ilé yín jẹ́, síbẹ̀ ẹ ò jáwọ́. Ẹ ti ń parọ́ nípa rẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, irọ́ wà lára ohun táwọn dókítà fi ń dá àìsàn náà mọ̀. Tó bá jẹ́ ọtí àti oògùn, kò sí nínú ìwé wọn, àmọ́ òun ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Ẹni tó ń fi ìgò pa mọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bó bá yá, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun alára.

Inú ara ni ọtí wà, inú ọpọlọ ni oògùn wà. Kí ló wá kan àwọn èèyàn níbẹ̀?

Ó kàn wọ́n púpọ̀. Ohun olóró máa ń mú kí ọpọlọ tú èròjà tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá ti pẹ́, adùn kéékèèké tí ẹ̀rín ọmọ tàbí àwàdà ọ̀rẹ́ ń mú wá kò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́. Ẹni náà á wá máa fi ìgò wá ohun tó ń rí lọ́dọ̀ èèyàn tẹ́lẹ̀, kò sì ní rí i níbẹ̀.

Nígbà ogun Vietnam, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló ń lo heroin lójú ogun. Lee Robins ṣèwádìí nípa àwọn tó padà sílé ní 1971. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn ló ti di bárakú fún lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n délé, nǹkan bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyí ni bárakú náà tún dì mú láàárín ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n ti kúrò níbi tí heroin ti rọrùn láti rí, wọ́n ti kúrò lẹ́nu ìbọn, wọ́n sì ti padà sáàárín àwọn tó mọ̀ wọ́n. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣiṣẹ́ jù? Kò ṣeé yà sọ́tọ̀.

Ẹ ó tún máa rí ìtàn àwọn eku kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Bruce Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Simon Fraser, ní Kánádà, fi eku kan síbì kan, èkejì síbòmíì, nínú àgò tóóró. Wọ́n kó àwọn mìíràn sínú àyè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú eku ẹgbẹ́ wọn. Gbogbo wọn ní omi lásán, wọ́n sì ní omi morphine tí wọ́n fi ṣúgà sí. Àwọn tó dá wà ló mu morphine jù. Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé ìyẹn ti parí ẹjọ́. Kò parí ẹjọ́ o: àwọn kan tún un ṣe lẹ́yìn náà, èsì wọn ò sì bára mu. Ẹ mú un bí àmì ojú ọ̀nà, ẹ má mú un bí ẹ̀rí.

Ṣé mo lè tilẹ̀kùn mọ́rí nílé, kí ẹbí mi máa ṣọ́ mi títí yóò fi kúrò lára mi?

Ó dá lórí ohun tó wà lára yín. Fún àwọn nǹkan kan, ó lè pa yín.

*Ọtí.* Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Láti wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè gbé e. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, orí rẹ̀ lè dàrú: á máa rí ohun tí kò sí, ara rẹ̀ á gbóná, ọkàn rẹ̀ á máa sáré. Ìfẹ́ ẹbí kò lè dá ìyẹn dúró. Oògùn tí dókítà bá fún un ló ń dá a dúró.

*Oògùn oorun àti ti àìbalẹ̀ ọkàn,* irú bíi diazepam àti alprazolam. Ewu gìrì kan náà wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, lábẹ́ ojú dókítà.

*Heroin, codeine, morphine àti tramadol.* Jíjáwọ́ nínú wọn le: ara ríro, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, àìrí oorun sùn. Èyí nìkan kì í sábà pa ẹni tára rẹ̀ dá, bó bá ń rí omi mu. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ikú ń bẹ. Ara ti gbàgbé bó ṣe ń gba oògùn náà mọ́ra. Ìwọ̀n tí kò ṣe ẹni náà ní nǹkan kan lóṣù tó kọjá lè dá èémí rẹ̀ dúró lónìí. Methadone àti buprenorphine, oògùn tí dókítà ń kọ fún èèyàn láti fi rọ́pò wọn, máa ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìlàjì. Ẹni tó ń lò wọ́n ti jáwọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ kó sọ fún un pé kò tíì ṣe tán.

Iṣẹ́ ẹbí ni pé kí wọ́n tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ ohun tó ń lò sí i, bó ṣe pọ̀ tó lójúmọ́, aago tó lò ó kẹ́yìn, oògùn mìíràn tó ń lò, àti bóyá gìrì ti gbé e rí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kì í rántí nǹkan wọ̀nyí dáadáa, ojú sì lè máa tì í láti sọ iye náà bó ṣe jẹ́.

Èèyàn mélòó ni mo nílò?

Ẹnì kan lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Mark Litt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí lórí èyí láàárín àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ìṣírò wọn ni pé bí ẹni tí kò mutí kan ṣoṣo bá kún àwọn tó yí èèyàn ká, ó ń fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìrètí pé onítọ̀hún á lè yàgò fún ọtí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan péré.

Àmọ́ ẹnì kan máa ń rẹ̀. Ó máa ń rìnrìn àjò, ó máa ń sùn. Ohun tá a máa ń sọ ni pé kí ẹ wá mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra: ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá, tí ẹ lè sọ òótọ́ fún láìtijú, ẹni tó ń gbé nítòsí, tó lè dé ọ̀dọ̀ yín láàárín ogún ìṣẹ́jú, àti ẹni tí ẹ jọ ń ṣe nǹkan mìíràn pátápátá, tí ẹ ò ní máa bá sọ̀rọ̀ ọtí. Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré ẹni kẹta yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ránni létí pé ayé ò mọ sórí jíjáwọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni gbígbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ọkọ tàbí ìyàwó lórí. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn kò lè máa gbóòórùn ẹnu yín lálẹ́, kó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ yín láàárọ̀. Oṣù méjì, ó ti di ọlọ́pàá, ẹ̀yin náà ti di olè inú ilé ara yín.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ jáde?

Ẹ sọ ọ́ lẹ́yọ ẹnì kan, nígbà tí ojú yín dá, níbi tí kò ti sí ìjà. Ẹ jẹ́ kó kúrú. Ẹ wo irú èyí tẹ́ ẹ lè sọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí yín:

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọtí ti di bárakú fún mi. Mo ti ń rí dókítà, ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mi ò fẹnu kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe kò pọ̀: tí mo bá pè yín láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́, kẹ́ ẹ gbé e. Kì í ṣe ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Kẹ́ ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Ẹ ti sọ ohun tó ń ṣe yín, ibi tẹ́ ẹ bá a dé, àti ẹyọ nǹkan kan tó ní aago. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́" lásán ló ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn jù, ìyẹn ìwàásù. Ẹ má sì búra pé ẹ ò ní mu ún mọ́ láéláé. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ìbúra yẹn náà á sọ yín di òpùrọ́, kò sì sí ohun tó ń sáré lé èèyàn padà sídìí ọtí bí ìtìjú.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nípàdé Alcoholics Anonymous àti irú rẹ̀?

Alcoholics Anonymous (AA) ni ẹgbẹ́ táwọn tí ọtí ti di bárakú fún ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Ìpàdé kan máa ń gba wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Ẹnì kan á ṣí i, wọ́n á ka nǹkan ṣókí. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dárúkọ ara rẹ̀ láìfi orúkọ ìdílé kún un, á sì sọ tẹnu rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ onítọ̀hún, wọn kì í sì í dá a lóhùn pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Èyí máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu, torí nílé, ọ̀rọ̀ kì í tíì tẹnu rẹ̀ bọ́ tán tí ìbáwí á ti dé. Bó bá kàn yín, tẹ́ ò fẹ́ sọ̀rọ̀, "mo kàn wá gbọ́ ni" ti tó. Wọ́n á gbé àpò owó kọjá, àmọ́ kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó máa wù yín láti jáwọ́. Ìpàdé kan wà tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, òmíràn wà tó jẹ́ ti ẹni tọ́rọ̀ kàn nìkan. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tó parí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń gba nọ́ńbà ara wọn, tí wọ́n ń bi ara wọn pé "ìjẹta ńkọ́?" Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tó tún sá jáde kí wọ́n tó parí, lè lọ nígbà ogún kó má mọ ẹnì kan. Á wá sọ pé ìpàdé ò ṣiṣẹ́. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ gba iṣẹ́ ṣe: ẹ bá wọn to àga, ẹ fọ ife. Ẹni tó mú àga lọ́wọ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀nà tó máa gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ẹ dé bíi ìpàdé mẹ́fà, ní ibi tó yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ tó sọ pé kò bá yín lára mu. Ẹgbẹ́ ò jọra.

Kí nìdí tó fi jẹ́ ẹni tó ní irú ìṣòro yìí náà ló ń ran ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́? Ṣé kì í ṣe afọ́jú tó ń mú afọ́jú lọ́wọ́?

Ẹ wo bí AA ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1935, Bill Wilson lọ ṣòwò ní ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti jáwọ́ nínú ọtí. Òwò náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wà ní gbàgede Hòtẹ́ẹ̀lì Mayflower, ariwo ilé ọtí ń wá láti apá kan. Ní apá kejì, tẹlifóònù wà, orúkọ àwọn ìjọ ìlú náà sì wà lára ògiri. Tẹlifóònù ló lọ bá. Ó ń pè wọ́n lọ títí ó fi rí ẹni tó mú un mọ dókítà kan tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ dòfo, Bob Smith. Dókítà náà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lòun máa lò. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, tí Bob Smith mu ọtí kẹ́yìn, ni ẹgbẹ́ náà ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Kì í ṣe torí àtigba ẹnikẹ́ni là ni Wilson ṣe ń pè. Ó ń pè kí òun fúnra rẹ̀ má bàa mu. Ẹni tí ẹ pè ní aago mọ́kànlá òru ń jẹ nínú oore ìpè yẹn bíi tiyín, nítorí náà, ẹ yé fi "ẹ má bínú o" bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ̀rí wà pé ìpàdé ń ṣiṣẹ́?

Fún ọtí, ó wà. Ní 2020, àjọ Cochrane, tó máa ń kó èsì ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé àyẹ̀wò ìwádìí 27 jáde, tó kan èèyàn 10,565. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, nǹkan bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n tọ́ sọ́nà AA ni kò mu rárá. Láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú míì, irú èyí tí olùdámọ̀ràn fi ń kọ́ni bí a ṣe ń yí èrò àti ìwà padà, ó jẹ́ 35. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré, àmọ́ ẹ ò ní ṣàìrí i pé ó ju ìlàjì lọ tí kò bọ́ síbẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Fún oògùn olóró, ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Òótọ́ ni pé AA máa ń mẹ́nu ba Ọlọ́run. Ẹgbẹ́ SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, kì í lo ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rárá. Ọgbọ́n tí a fi ń kápá èrò àti ìfà ọkàn ni wọ́n ń kọ́ni. Narcotics Anonymous wà fún ti oògùn olóró láti 1953, àmọ́ ọ̀nà AA lòun náà ń tọ̀. Ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ ti lè sọ òótọ́.

Kí ni iṣẹ́ onígbọ̀wọ́?

Òun ni ẹni tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu jíjáwọ́, tó gbà láti máa mú yín rìn. Ẹ wá ẹni tó ti lé lọ́dún kan, tó ní onígbọ̀wọ́ tirẹ̀, tí ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin kò lè wọ àárín yín. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa pè é lójoojúmọ́ ní aago kan náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, kódà lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan gan-an ló ṣe pàtàkì, torí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, fóònù máa ń wúwo bí òkúta lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pe nọ́ńbà náà rí.

Kì í ṣe ẹni tí ẹ ń yá lówó. Kì í ṣe dókítà. Bó bá ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì.

Kí ni kí n ṣe nígbà tí ọkàn mi bá ń fà sí i?

Ìfà dà bí ìgbì. Ó ń ru sókè, á dé góńgó, á sì rọlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, bí ẹ kò bá bù fún un. Iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ má dá wà láàárín àkókò yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kúrò níbi tẹ́ ẹ wà, ì báà jẹ́ láti yàrá sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé ránṣẹ́: "Ó ti dé" ti tó, torí ẹni tí ìfà dì mú kì í rí gbólóhùn tò. Lẹ́yìn náà ẹ pè. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbé e, ẹ bọ́ sórí ìkejì láìdúró kẹ́ ẹ máa ronú bóyá ẹ ń dà á láàmú. Bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ẹ bi ara yín léèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé ebi ń pa mí? Ṣé inú ń bí mi? Ṣé mo dá wà? Ṣé ó rẹ̀ mí ni? Ó máa ń yani lẹ́nu bí oúnjẹ àti oorun ṣe ń yanjú ohun tí a rò pé ọtí nìkan ló lè yanjú.

Ẹni tó gbé fóònù kò ní láti gbọ́n. Kó béèrè pé "ibo lo wà báyìí?" àti "kí ló wà nítòsí rẹ?", kó sì dúró lórí ìlà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú tàbí wàásù, ìpè tó kàn kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń mu ńkọ́?

"Mo dé, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́; Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan." Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá yín, àmọ́ ìgò ló so yín pọ̀. Alan Marlatt, tó ṣèwádìí lórí ohun tó ń dá àwọn èèyàn padà sídìí ọtí, rí i pé nǹkan mẹ́ta ló wà nídìí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin: ìbànújẹ́ tàbí ìbínú, ìjà láàárín ẹni àti ẹni, àti ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ń rọni pé kéèyàn mu. Èèyàn ló wà nídìí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó ń tà á fún yín: ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ níṣojú ẹlòmíì, torí ẹni tó dá a pa rẹ́ máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ síbì kan. Ẹni tí kò mọ nǹkan mìíràn ṣe pẹ̀lú yín ju mímu lọ: ẹ sọ pé dókítà ti ní kẹ́ ẹ má mu, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ò jẹ ẹ́ ní àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lè jókòó tì yín láìmu: ẹ di í mú, kẹ́ ẹ yí ibi tẹ́ ẹ ti ń pàdé padà. Bí ayẹyẹ kan bá pọn dandan, kí ife tí kò ní ọtí ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹnikẹ́ni tó bu tirẹ̀ wá, kẹ́ ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe máa padà sílé láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò wákàtí. Ẹni tó ń mu fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́, ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, ní ogún wákàtí tó ṣófo báyìí. Bí kò bá kọ ohun tó fẹ́ fi dí i sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago àti orúkọ ẹni tó ń retí rẹ̀ níbẹ̀, òfìfo yẹn á wá a ká.

Ẹni tí mo fẹ́ràn ni kò gbà pé nǹkan ń ṣe òun. Ṣé kí n dúró dìgbà tó bá ṣubú pátápátá?

Rárá. Àwọn kan kì í dìde níbi tí wọ́n ṣubú sí. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní CRAFT, tí wọ́n fi ń kọ́ ẹbí. Ní 1999, William Miller, Robert Meyers àti ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì ìwádìí lórí ẹbí 130 jáde. Láàárín àwọn tó kọ́ CRAFT, 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí èèyàn wọn mú wọ ìtọ́jú. Láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ láti kóra jọ bò ó, kí wọ́n sì kò ó lójú, 30 ni. Láàárín àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí wọ́n tọ́jú ara wọn, 13 ni.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a ṣeré, ẹ sọ ọ́ jáde pé "ara mi balẹ̀ gan-an lálẹ́ àná tó o wálé bẹ́ẹ̀." Nígbà tó bá mu, ẹ kúrò níbẹ̀ láìbínú, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ kankan tó nítumọ̀. Ẹ má pe ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, ẹ má fọ èébì rẹ̀ kó tó jí. Kó rí i. Ẹ wá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó bá sọ pé "ó ti sú mi", ẹ máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí pẹ́.

Bó bá ń lu yín tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹ fi gbogbo èyí sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ibi ààbò.

Ṣé kí n máa fún un lówó?

Ẹ san owó ilé ìwòsàn fún ilé ìwòsàn. Ẹ ra oúnjẹ. Ẹ má fi owó lé e lọ́wọ́, pàápàá onítẹ́tẹ́, ẹ má sì bá a san gbèsè níkọ̀kọ̀.

Ó ti padà sídìí rẹ̀. Ṣé asán ni gbogbo ohun tá a ṣe?

Rárá o. Nǹkan bíi 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà, ó sì jọ ti àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àìsàn náà sì gbérí padà. Ohun tó ń sọ ife kan di oṣù mẹ́ta ni èrò pé "mo ti bà á jẹ́ náà, kí n kúkú mu ún tán". Ẹ pe ẹnì kan láàárín wákàtí 24, kódà bí òórùn rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu yín. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ibo, aago mélòó, ta ló wà níbẹ̀, kí ló ṣáájú rẹ̀. Ibi tí ògiri ti lanu lẹ ń wá.

Fún ẹni tó lo heroin tàbí oògùn apàrora líle lẹ́yìn tó ti simi, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, tó ń han-run bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tí kò sì jí, ẹ pe ọkọ̀ ìwòsàn pàjáwìrì. Bí naloxone, oògùn tó ń tako agbára heroin àti irú rẹ̀, bá wà nílé, ẹ fi sí i nímú. Bó bá di ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tí kò jí, ẹ tún fún un. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bó bá ń mí. Naloxone lè tán lára láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, oògùn tó lò sì lè ṣì wà níbẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé òun ti dáa kẹ́ ẹ máa lọ.

Ṣé ẹgbẹ́ lè ba nǹkan jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́ gan-an. Charles Dederich dá Synanon sílẹ̀ ní California ní 1958, ibì kan tí àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ti jọ ń gbé tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn yìn ín. Ṣùgbọ́n "eré" kan wà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yí ẹnì kan ká tí wọ́n ń bú u fún wákàtí púpọ̀. Bó ṣe ń pẹ́, jíjáde di ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ní kí ọkùnrin àti obìnrin fárí, wọ́n tú ìgbéyàwó ká. Ní 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi ejò olóró sínú àpótí lẹ́tà agbẹjọ́rò tó ń bá wọn ṣẹjọ́. Ó bù ú jẹ, ó yè é.

Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò: wọ́n ń ya yín nípa sí ẹbí, wọ́n ní kẹ́ ẹ dá oògùn dókítà dúró, wọ́n ń gba ohun ìní yín, wọ́n ń so èèyàn mọ́lẹ̀ tàbí wọ́n ń nà án, aṣáájú kan wà tí a kò lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ti tó láti jáde. Àmì tó kéré síyẹn náà wà: ẹni tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ tó ń wá ìfẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tuntun. Ẹ sọ fún ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ kíákíá.

Mi ò níbi tí mo lè padà sí tí kì í ṣe ibi tí mo ti ń mu.

Ilé tí àwọn tó jáwọ́ jọ ń gbé ló dáhùn èyí. Ètò Oxford House, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1975, rọrùn: àwọn tó ń gbé inú ilé ló ń darí rẹ̀ nípa ìbò, kálukú ń san ìpín owó ilé tirẹ̀, ẹni tó bá mu gbọ́dọ̀ kúrò. Leonard Jason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn 150 fún ọdún méjì. Nínú àwọn tí wọ́n fi síbẹ̀, 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo nǹkan lẹ́yìn ọdún méjì náà. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú lásán, 65 ni. Bí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítòsí, ohun tó ṣeé mú nínú rẹ̀ ni òfin náà: kí ẹni tẹ́ ẹ jọ fẹ́ gbé gbà, kẹ́ ẹ tó kó ẹrù, pé ohun náà kò ní wọlé rárá, ì báà ṣe ti àlejò.

Kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ jáde lọ síbi tí èèyàn wà tí wọn kì í ta ọtí. Ẹ wọ ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òmíràn wà ní wákàtí èyíkéyìí, tọ̀sán tòru, ẹ sì lè pa kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ ikú lọkàn yín ń sọ, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tàbí kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́.

Bó bá dọ̀la, ẹ fi ẹni méjì kún àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ kálukú wọn, "aago wo lẹ máa ń jí sí fóònù?" Ẹ kọ márààrún sórí bébà, pẹ̀lú aago tí kálukú wọn lè gbé ìpè, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan nínú àpò, ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ máa ń gbà jáde. Bátìrì fóònù máa ń kú lóru.